Ọ̀yọ́-Ilé tó Dahoro, àti Ohun tó Kù sí Wa Lọ́wọ́ ní Parakou

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpérò ọdún ìbílẹ̀ wa

   

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí eégún ti wọlé, ọmọkùnrin kan tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, mo gbọ́ tí ẹ ń ki àwọn kan ní ọmọ Ọ̀yọ́-Ilé. Níbo ni Ọ̀yọ́-Ilé wà? Ṣé zemidjan lè gbé ènìyàn débẹ̀?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ìbéèrè ọmọ náà tọ̀nà, àwa àgbà tí a jókòó níbẹ̀ kò sì rí ẹni kan dá a lóhùn. Èsì tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó wà. Ẹyẹ tó bá gbéra ní Parakou, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó sì yà díẹ̀ sí gúúsù, kò ní fò tó 200 kìlómítà kó tó bà lé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti ìhín lọ sí Kútọnu jẹ́ 438 kìlómítà. Nítorí náà, ìlú tí à ń fi ki ara wa yìí sún mọ́ wa ju etí òkun lọ. Ẹnubodè tí àwọn òyìnbó Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1898 ló mú un dà bí ẹni pé ó jìnnà. Ẹnubodè yẹn kan náà ló pín Borgu sí méjì, tí Nikki fi bọ́ sí ọwọ́ Faransé, tí Bussa àti Kaiama sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú èdè wa, ahoro ni ibi tí ènìyàn ti gbé rí tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ahoro yàtọ̀ sí igbó. Ahoro ní orúkọ, ó ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ó ní ọjọ́ tí wọ́n dáná níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí igi kan náà ló hù sórí àwọn méjèèjì. Ẹnu àwọn tó rántí ni ìyàtọ̀ náà wà. Ọjọ́ tí ẹni tó rántí kẹ́yìn bá kú láìsọ fún ọmọ, ọjọ́ náà ni ahoro di igbó. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Ìlú tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìlú kékeré. Òun ni olú ìlú àwọn Aláàfin, òun ni àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Ọ̀dàn ló wà, bíi ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ibi tí ẹṣin ti lè sá, ẹṣin ló sì sọ Ọ̀yọ́ di alágbára. Dahomey pàápàá san ìṣákọ́lẹ̀ fún un fún ọdún gbọọrọ, títí di ìgbà Gẹ̀zò, tó kọ̀ ọ́ ní àárín ọdún 1820 sí 1830. Hugh Clapperton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ọ̀nà odò Ọya, dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní 1826, òun àti Richard Lander. Aláàfin Májọ̀tú ló wà lórí oyè. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà yípo tó máìlì 15, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 24, ó sì ní ẹnu ọ̀nà mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀ ló kúrò níbẹ̀, ó gba Kaiama àti Wawa lọ sí Bussa. Ilẹ̀ Borgu ni gbogbo wọn. Ọ̀nà oníṣòwò ni ọ̀nà náà, àwọn baba wa sì mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé.

Ṣùgbọ́n ìlú ńlá yìí ti dahoro lẹ́ẹ̀kan rí kó tó di pé ó dahoro títí láé. Ìtàn àkọ́kọ́ yẹn ni n óò fi ṣáájú, nítorí ó kan Borgu gbọ̀ngbọ̀n.

Gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Samuel Johnson ti gbà á lẹ́nu àwọn arọ́kin, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn Tápà ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní ayé Aláàfin Onígbogí. Ìlú tú. Níbo ni ọba sá lọ? Ilẹ̀ Bàrìbá ló sá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní ibùgbé, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ Òfinràn dàgbà sí. Nígbà tó yá, àwọn ará Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìgbòho, Aláàfin mẹ́rin ló sì jẹ níbẹ̀. Èyí tó jẹ kẹ́yìn nínú wọn, Abípa, ló ní àfi kí òun padà sí ilé àwọn baba òun.

Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti ní oko, ara ti tù wọ́n ní Ìgbòho. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Nígbà tí ọba rán àwọn ìránṣẹ́ lọ yẹ ahoro náà wò, àwọn ìjòyè ti rán àwọn abuké, arọ, àfín àti irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ní òru, wọ́n gbé iná lọ́wọ́, wọ́n ń rìn káàkiri orí òkè, wọ́n ń ké pé kò sí àyè fún ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sá padà wá sọ pé iwin ti gba ìlú. Ẹnì kan tú àṣírí náà fún Abípa. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n mú gbogbo iwin wá sí ààfin, iwin sì di ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Ó padà, ìlú sì tún kún.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó fi hàn pé ìlú lè tú kó sì tún ró, bí ẹni tó mọ ojú ilé bá ṣì wà. Ó tún fi hàn pé kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ń sọ ahoro di igbó. Àwa tí ara ti tù níbòmíràn náà ń ṣe é, tí a ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Ìdahoro kejì ni kò ní àtúnṣe. Ogun ló parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ayé Gáà Baṣọ̀run ni ìjà ààrin ọba àti àwọn ìjòyè ti ń jẹ ìlú náà nínú. Ní 1783, Borgu ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ó sì yọ ọrùn rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin. Ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra. Àwọn ọmọ ogun tó kó jọ náà ló pa á nígbẹ̀yìn, Ìlọrin sì bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Àlímì, Abdulsalami. Ìlú tó wà láyìíká Ọ̀yọ́ ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará oko ń sá, oúnjẹ kò wọ ọjà dáadáa mọ́.

Nígbà tí Olúewu jọba, ní nǹkan bíi 1833, Ìlọrin fẹ́ kó wá tẹrí ba fún un. Olúewu kọ̀. Ta ló lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀? Borgu ni, Borgu tó ti bá a jà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú. Siru Kpera, ọba Nikki, dìde, àwọn ọmọ ọba Borgu àti ẹlẹ́ṣin wọn sì tẹ̀ lé e. Elédùwẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pè é, òun ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ogun náà kò dára fún wọn. Johnson sọ pé àwọn ọmọ ogun tó ti Borgu wá ń kó ohun ìní àwọn ará ọ̀nà, èyí bí àwọn ará ìlú nínú. Ó tún sọ pé nínú àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ tó wà lójú ogun náà, àwọn kan kò fẹ́ kí Aláàfin borí, nítorí wọ́n mọ̀ pé bó bá borí, yóò padà wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe. Nígbà tí ogun gbóná, wọ́n fà sẹ́yìn. Olúewu kú níbẹ̀. Siru Kpera kú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọba Borgu kò padà délé. Nígbà tí ìròyìn dé Ọ̀yọ́-Ilé, kò sí ẹni tó dúró de ọ̀tá. Àwọn ènìyàn di ẹrù, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì jáde. Àwọn kan gba Kìsí lọ, àwọn kan Ìgbòho, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn. Ọmọ ọba kan, Àtìbà, tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà, tó ju 100 kìlómítà lọ sí gúúsù, ibẹ̀ ló sì di Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà títí dòní. Wọ́n gbé orúkọ lọ, wọ́n gbé oyè lọ, wọ́n fi odi àti ilẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró díẹ̀ níbi yìí. Ní Parakou wa, nígbà tí ẹnu bá ń kun ara wọn lọ́jà tàbí nídìí ìbò, ẹ máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àlejò ni Yorùbá, tí ẹlòmíràn sì ń dá a lóhùn pé Bàrìbá kò fẹ́ràn wa. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìlú yẹn tú. Ní ìgbà kìíní, ilẹ̀ Bàrìbá ni ọba rẹ̀ sá di. Ní ìgbà kejì, ọba Nikki bá a kú síbi tí Aláàfin kú sí. Èmi kò sọ pé ìfẹ́ lásán ló wà láàrin wọn. Wọ́n jà, wọ́n kó ara wọn lẹ́rú, wọ́n tún fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí aládùúgbò ti ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn yìí ló wà lọ́wọ́ àwa Yorùbá. Ní Nikki, àwọn gesere, tí í ṣe akígbe ọba, ni wọ́n ni ìdajì kejì, ìtàn ọba tó lọ tí kò bọ̀. Bí a kò bá jókòó pọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tán.

Kí ló kù ní Ọ̀yọ́-Ilé lónìí? Ó wà nínú ọgbà ẹranko ńlá tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1991, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú àti lóròó. Odi ìlú ti wó di òkìtì gígùn tí koríko bò. Àwọn igi oṣè ńláńlá ṣì dúró. Àpáàdì wà káàkiri, ojú ọlọ tí àwọn ìyá wa lọ ọkà sí wà lára àpáta. Robert Soper àti Patrick Darling wọn odi náà, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1980. Babatunde Agbaje-Williams àti àwọn awalẹ̀pìtàn mìíràn ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni pé orúkọ kò sọnù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, nítorí ẹnu àwọn àgbà ti tọ́ka síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan fún ahoro. Wüstung ni wọ́n ń pè é. Àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ Yúróòpù ní 1347 pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ. Owó ọkà wálẹ̀, àwọn tó ń ro ilẹ̀ tí kò sanra kò rí jẹ mọ́, wọ́n kó lọ sí ìlú tàbí sí ilẹ̀ tó dára jù. Wilhelm Abel, òpìtàn ọrọ̀ ajé, ṣírò pé nínú ibùdó mẹ́rin-mẹ́rin tó wà ní Jámánì nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan ló parẹ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn jọ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan bá kù sí nínú igbó, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé abúlé báyìí-báyìí ló wà níhìn-ín. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lára oko tí àgbẹ̀ ń ro. Bí ẹni tó kúrò ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn bá ṣì ní orúkọ, kí ló dé tí abúlé tí bàbá bàbá wa kúrò níbẹ̀ kò ní ní?

Ní orílẹ̀-èdè tiwa náà, ẹ wo Kétu. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dahomey, pa á run, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abomey. Ìlú náà ṣófo. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glele, àwọn tó kù padà wálé ní nǹkan bíi 1894, wọ́n fi Alákétu jẹ, wọ́n tún ìlú kọ́. Ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní. Kí ló mú wọn padà sí ojú ibẹ̀ gan-an? Wọn kò gbàgbé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tiwa. Láti ìhín dé Tchaourou, láti ìhín dé Nikki, ahoro pọ̀ nínú oko. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ibi tí igi oṣè mẹ́ta dúró sí ojú kan, ibi tí ọkọ́ ti ń kan àpáàdì, ibi tí kànga àtijọ́ ti di kòtò. Àwọn kan tú nítorí ogun àti ìkónilẹ́rú. Àwọn kan tú nítorí omi gbẹ, tàbí àrùn wọ̀lú, tàbí owó orí òyìnbó, tàbí nítorí ọ̀nà ọkọ̀ gba ibòmíràn. Lónìí, oko kajú àti oko òwú ń gba orí wọn kọjá, ìlú náà sì ń fẹ̀ sí i. Èyí kò burú, ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ kọ́lé. Ohun tó burú ni pé kátakàtá lè tú ahoro kan ká ní ìdajì ọjọ́, kí ó má sì sí ẹni tó mọ̀ pé ìlú kan ló kọjá lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún.

Èkíní, sí ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún yìí tó parí, kí ọmọ kan nínú ilé mú ìwé kàyé àti fóònù, kó lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù. Kó bi í: Níbo la ti wá kí a tó dé ìhín? Kí ni orúkọ ibẹ̀? Ta ló tẹ̀ ẹ́ dó? Odò wo ni wọ́n ń mu? Kí ló lé wọn? Àwọn wo ni wọ́n jọ kúrò? Kó kọ ọ́, kó gba ohùn náà sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí àgbà náà mú un débẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ wa yóò kó wọn jọ.

Èkejì, sí ẹ̀yin aláṣẹ. Kí ẹ tó fa ilà sórí ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ tàbí kí ẹ tó la ọ̀nà tuntun, ẹ bi àwọn àgbà agbègbè náà bóyá ahoro wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ dá igi oṣè kan sí, ẹ gbé pátákó kékeré kan síbẹ̀, tàbí kí ẹ fi orúkọ ahoro náà sọ àdúgbò tuntun. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: ẹ ń rò pé ẹni tó bá dárúkọ ahoro baba rẹ̀ lónìí yóò pe ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba níhìn-ín, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ọdún yìí: orúkọ ni à ń wá, a kò wá ilẹ̀. Ìwé tí ẹgbẹ́ bá kọ kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí kóòtù.

Ẹ̀kẹta, sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ sí Nikki tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí àwọn gesere wá jókòó ti àwọn àgbà wa lórí pèpéle yìí. Kí wọ́n sọ ti Siru Kpera, kí àwa sọ ti Olúewu. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti dọ́gba, kí a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rọ àrọ́bá bí àgbà bá dákẹ́?

Ọmọ mi tí o béèrè ọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá, bí o bá wà níhìn-ín, gbọ́ èsì rẹ. Zemidjan kò lè gbé ọ dé Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀nà rẹ̀ jìn fún alùpùpù, ẹnubodè sì wà láàrin. Ṣùgbọ́n ahoro kan wà lẹ́yìn oko bàbá rẹ tí alùpùpù lè dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ bi í ní orúkọ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.